Òkìkí Òṣèré àti Ẹ̀rí Òpìtàn: Àgbéyẹ̀wò Ẹfúnṣetán Aníwúrà

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ yìí: bí òpìtàn bá wí tirẹ̀, tí òṣèré náà sì wí tirẹ̀, ta ni àwùjọ ń gbà gbọ́? Eré Akínwùmí Ìṣọ̀lá, Ẹfúnṣetán Aníwúrà (1970), ni àpẹẹrẹ wa.

Àwọn tí ó mọ Ìyálóde Ìbàdàn yìí láti inú ìwé ìtàn kò pọ̀. Orí ìtàgé àti sinimá ẹgbẹ́ Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá ni ọ̀pọ̀ ti mọ̀ ọ́n. Orúkọ Ẹfúnṣetán sì mọ́ Ìyábọ̀ Ògúnṣọlá tí ó ṣe é lára. Ẹni tí wọ́n mọ̀ ni ìkà tí ó ní kí a bẹ́ Àdétutù aboyún lórí, tí ó sì gbé májèlé jẹ nígbà tí ọwọ́ tẹ̀ ẹ́.

Ìṣọ̀lá kọ́ ni ó hùmọ̀ ìwà ìkà yìí. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1921, ti sọ pé ikú ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo lórí ìkúnlẹ̀ ni ó sọ ọ́ di òǹrorò sí àwọn ẹrú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Johnson kan náà ka ẹ̀sùn mẹ́ta tí Ààrẹ Látòósà fi kàn án ní 1874: kò bá a lọ sí ogun Adó, kò fi ìrànwọ́ ránṣẹ́ sí i lójú ogun, kò sì jáde wá pàdé rẹ̀ nígbà tí ó bọ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ ẹrú nínú wọn. Kò sì pa ara rẹ̀. Àwọn ẹrú rẹ̀ ni ó pa á lóru, ọmọ tí ó gbà tọ́ sì lọ́wọ́ sí i.

Ìjà òṣèlú ni eré náà sọ di ìdájọ́ ìwà. Òǹkọ̀wé eré ní ẹ̀tọ́ sí èyí. A kò bá a jà. Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé a gbé àga òpìtàn fún òṣèré. Bọ́lánlé Awẹ́ kọ̀wé ní 1977 lórí ipò Ìyálóde nínú ìṣèlú Yorùbá, ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́, Amẹ́ríkà ni a sì ti tẹ̀ ẹ́. Eré ní tirẹ̀ bá ará ọjà sọ̀rọ̀ ní èdè rẹ̀. Nítorí náà, a kò lè sọ pé àwùjọ kọ ẹ̀rí onímọ̀ nígbà tí ẹ̀rí náà kò dé etí wọn.

Àwa tí a ń kọ́ni ní eré yìí ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ ẹ̀sùn mẹ́ta wọ̀nyí, ní èdè Yorùbá, kí ó tó ṣí ìwé eré náà.