Ọwọ́ Bírikìlà ní Igbó Ọ̀ṣun

Ẹni tó bá dé Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, odò ni ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń sáré lọ bá. N kò dá a lẹ́bi. Yèyé Ọ̀ṣun ló ni ilé. Àmọ́ àwọn ògiri ibẹ̀ náà tó wò, àwòfín sì ni.

Susanne Wenger, tí gbogbo wa mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ bí ọ̀rọ̀ igbó náà bá délẹ̀. Ó tọ́ sí i. Ọdún 1950 ló wọ Nàìjíríà, Òṣogbo ló sì kú sí ní 2009. Nígbà tí àwọn kan ń gé igi igbó náà, tí ojú wọn sì wà lára ilẹ̀ rẹ̀, òun àti àwọn àwòrò pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ló kọ̀ jálẹ̀. UNESCO kọ igbó náà mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wà nídìí iṣẹ́ yìí tí ẹnu wa kì í fi bẹ́ẹ̀ kàn: Adébísí Àkànjí. Bírikìlà pọ́ńbélé ni, kí ayé tó máa pè é ní oníṣẹ́ ọnà.

Ẹ sún mọ́ àwọn ògiri rẹ̀ tó lójú, èyí tí atẹ́gùn ń gbà kọjá. Kì í ṣe búlọ́ọ̀kù ni wọ́n tò léra. Ènìyàn àti ẹranko ló so mọ́ra wọn títí wọ́n fi di ògiri. Irin ni eegun wọn, sìmẹ́ǹtì ni ẹran ara. Ẹni tó bá ti po sìmẹ́ǹtì rí á mọ ohun tí mò ń wí: bó bá ṣàn jù, á já bọ́ lára irin, bó bá gan jù, kò ní mú un. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fi lé e, kí ti àkọ́kọ́ lè le kí èyí tó kàn tó gùn ún, wọ́n á sì máa bu omi sí i kí oòrùn má baà là á. Bí ọwọ́ ẹnì kan bá wá kan orí ẹlòmíì, kì í ṣe ẹwà nìkan. Ibi tí wọ́n ti kanra yẹn gan-an ni agbára ògiri wà. Ẹ bá mi gé ọwọ́ yẹn kúrò, kí ẹ wo bóyá ògiri á dúró! Ọnà àti ìmọ̀ ilé kíkọ́, ẹ ò lè yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì.

Àwọn mìíràn náà fi ọwọ́ ba iṣẹ́ ọ̀hún: Buraimoh Gbàdàmọ́sí gbẹ́ òkúta, Kàsálì Àkàngbé gbẹ́ igi. Síbẹ̀ sìmẹ́ǹtì ló jọ mí lójú jù, nítorí ohun tí a fi ń rẹ́ ilé lásán ni.

Òjò àti ọ̀rinrin kì í ṣàánú iṣẹ́ yìí. Bí omi bá ráyè wọlé, irin á dógùn-ún, á wú, sìmẹ́ǹtì á sì sán. Bírikìlà tó mọ ọnà ló lè tún un ṣe, kì í ṣe ẹni tí yóò kàn da ọ̀dà bò ó.

Bí ẹ bá mú ọmọ lọ sí ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù Kẹjọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ògiri náà hàn án, kí ẹ sì dárúkọ Adébísí Àkànjí fún un.