Káàdì Kan, Onílé Méje

Virtual machine jẹ́ kọ̀ǹpútà tí kò ní ara tirẹ̀. Inú kọ̀ǹpútà gidi ló ń gbé, sọ́fítíwìà tí wọ́n ń pè ní hypervisor ló sì ń bọ́ ọ. Kò ṣòro láti fún un ní díìsìkì: fáìlì lásán ni wọn yóò gbé síwájú rẹ̀, á sì gbà pé díìsìkì gidi ni. Káàdì àwòrán, ìyẹn GPU, ni kò gba irú ẹ̀tàn bẹ́ẹ̀. Àṣẹ tó ń wọ inú rẹ̀ pọ̀ jọjọ, wọ́n sì ń yára. Bí ẹnikẹ́ni bá dúró lójú ọ̀nà tó ń yẹ̀ wọ́n wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ á falẹ̀.

Ọ̀nà kan ni kí wọ́n fa odidi káàdì lé virtual machine kan lọ́wọ́. VFIO, tó wọ inú Linux ní 2012, wà fún irú iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n káàdì lè wọ mẹ́mọ́rì kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, kó kà, kó sì kọ nǹkan síbẹ̀. Àdírẹ́sì tí virtual machine ń fún un kì í sì í ṣe àdírẹ́sì gidi. Bí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, dátà virtual machine Táyé lè bọ́ sórí ti Kẹ́hìndé. IOMMU ló dúró síbẹ̀: àdírẹ́sì yòówù tí káàdì bá pè, á yí i sí èyí tó tọ́, èyí tí kò bá sí nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀, kò ní jẹ́ kó kọjá. Lójú tèmi, òun ni ìyìn tọ́ sí jù, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn tó ń polówó káàdì kì í sábà dárúkọ rẹ̀.

Ẹnì kan ló ń jẹ odidi káàdì báyìí, a kò tíì pín nǹkan kan. Intel dá ọgbọ́n kan tó wù mí, GVT-g: àwọn àṣẹ tó lè dá wàhálà sílẹ̀ nìkan ni hypervisor ń dá dúró, àwọn yòókù ń lọ tààrà. Àwọn virtual machine wá ń gba káàdì lọ́wọ́ ara wọn, bí àwọn obìnrin agbo ilé ṣe ń gba ọlọ kan lò. Bí wọ́n bá ṣe ń pọ̀ sí i ni àkókò olúkúlùkù ń dín kù.

Ní ti káàdì A100 tí NVIDIA gbé jáde ní 2020, káàdì fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń gé, kì í ṣe àkókò. Èyí tó ní gígábáìtì 40 lè di méje, gígábáìtì 5 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ẹ̀ka ìṣirò tirẹ̀. (Ẹni tó mọ ìṣirò á béèrè 5 tó ṣẹ́kù: ọ̀nà mẹ́jọ ni mẹ́mọ́rì pín sí, ẹ̀ka ìṣirò pín sí méje péré.) Iṣẹ́ ẹnì kan kì í dí ti ẹlòmíràn lọ́wọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ìpín tí iṣẹ́ wà lórí rẹ̀ kò ṣeé yí padà. Ẹni tó gba 5, tó wá ń fẹ́ 10, ní láti dáwọ́ iṣẹ́ dúró ná kí wọ́n tó tún un gé.