Ilé-ẹ̀kọ́ Kú, Ẹgbẹ́ Kò Kú: Lórí Ìròyìn Àwọn Ọmọ Ilé-ẹ̀kọ́ Quaker

Àwọn àgbà ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ àtijọ́ ni ibi tí a ti ń bá òwe yìí jiyàn: ta ló bímọ, ta ló gbéyàwó, ta ló kú. Àwa lámèyítọ́ kì í sábà kà á sí ìwé gidi, ṣùgbọ́n oríṣi ìkọ̀wé ni, ó sì ní òfin tirẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Quaker ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí ìbéèrè kan tó kan gbogbo wa wà níbẹ̀: bí ilé-ẹ̀kọ́ bá kógbá sílé, kí ló kù tí àwọn ọmọ rẹ̀ yóò dì mú?

Ẹ wo Friends School, Saffron Walden. Ọdún 1702 ni àwọn Quaker dá a sílẹ̀ ní Clerkenwell, Lọ́ńdọ̀nù, ọdún 11 péré lẹ́yìn ikú George Fox tó bẹ̀rẹ̀ ìjọ wọn. Àwọn arúgbó aláìní àti àwọn ọmọdé ni wọ́n jọ ń gbé inú ilé náà nígbà yẹn. Ó kó lọ sí Islington ní 1786, ó kó lọ sí Croydon ní 1825, ó kó dé Saffron Walden ní 1879. Ní 2017, wọ́n tì í pa.

Ilé-ẹ̀kọ́ tó ti kó ẹrù nígbà mẹ́ta kò lè so ọkàn àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́ ògiri. Kì í sì í ṣe ẹ̀sìn nìkan, torí lóde òní ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń lọ sí irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe Quaker. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn Old Scholars rẹ̀ kò bá a kú.

Orúkọ yẹn gan-an ni ká kọ́kọ́ tú. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ka ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ́nnárì mọ Old Boys, ẹ mọ Old Girls. Ní Ackworth, ilé-ẹ̀kọ́ Quaker tí John Fothergill dá sílẹ̀ ní Yorkshire ní 1779, tọkùnrin tobìnrin ni wọ́n gbà láti ìbẹ̀rẹ̀. Old Scholars ni wọ́n ń pe àwọn tó ti ibẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kò ya akọ sí abo. Tí mo bá fẹ́ túmọ̀ rẹ̀, mi ò ní lo akẹ́kọ̀ọ́jáde. "Jáde" ti ti ilẹ̀kùn mọ́ èèyàn lẹ́yìn. Scholar ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ.

Èkejì ni bí wọ́n ṣe ń pe ara wọn. Láyé àtijọ́, "you" ni ẹ̀yin, "thou" ni ìwọ. Àwọn Quaker kọ̀ láti fi ẹ̀yin pe ẹnì kan ṣoṣo. Ìwọ ni wọ́n ń pe adájọ́, òun náà ni wọ́n ń pe ọmọ ọ̀dọ̀. Wọ́n kọ oyè náà. Létí Yorùbá, àfojúdi gbáà ni! Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣe fún ìròyìn ikú. Àṣà wọn ni láti kọ ẹ̀rí oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run nínú ayé olóògbé, kì í ṣe láti yin òun fúnra rẹ̀. Philip Noel-Baker, tó gba ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà ní 1959, kàwé ní Ackworth àti Bootham. Nínú irú àṣà bẹ́ẹ̀, òun àti ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe nọ́ọ̀sì lè wà lójú ewé kan náà, kí ẹnikẹ́ni má ga ju ẹnì kejì lọ.

Àbùkù ńkọ́? Ó wà. Ẹni tí ilé-ẹ̀kọ́ dùn mọ́ ló máa ń kọ̀wé padà. Ọmọ tí àárò ilé ń pa lẹ́kún lálaalẹ́, ọmọ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fìyà jẹ, wọn kì í fi lẹ́tà ránṣẹ́. Ìwé tó kún fún ìrántí dídùn nìkan, ìdajì ìtàn ni.

Ẹ wá wo tiwa lórí WhatsApp. Olóyè, Ọ̀jọ̀gbọ́n, Alàgbà, Ẹnjiníà: ká tó dé orúkọ, oyè ti gba ìlà méjì. Lẹ́yìn ìyẹn, owó gbọ̀ngàn. Mi ò ní ká máa fi "ìwọ" pe àgbà o. Ọ̀wọ̀ tiwa ní ìdí tirẹ̀. Mi ò sì ní ká má dáwó. Àmọ́ gbọ̀ngàn lè wó. Ìjọba lè gba ilé-ẹ̀kọ́, bí wọ́n ṣe gba ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ àwọn míṣọ́nnárì ní àwọn ọdún 1970. Ohun tó máa kù ni ohun tí a bá kọ nípa ara wa: orúkọ ìyá tó ń se oúnjẹ wa, ọ̀rẹ́ tó kú ní Form Three, olùkọ́ tó nà wá ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ kọ ọ́, kí àwọn tó mọ̀ ọ́n tó tán.