Ìyá Tó Wà Lẹ́yìn Ogún Náírà

Iṣẹ́ ọnà tí mo fẹ́ ṣe lámèyítọ́ rẹ̀ lónìí kì í ṣe ìwé. Ẹ yọ ogún náírà, ẹ yí i sẹ́yìn. Obìnrin tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò ni Ladi Kwali, láti 2007 ló sì ti wà níbẹ̀. Láti Pen Cinema dé Ìkẹjà, àwọn kọ̀ndọ́ ti ká a mẹ́rin, wọ́n ti fi há ìka, wọ́n ti fún un bí ẹni fún aṣọ. Ta ló wo ojú ẹ̀?

Ẹ̀sùn mi sí àwòrán náà kò pọ̀: òun nìkan ló wà níbẹ̀. Amọ̀kòkò kan, ìkòkò rẹ̀, ó parí. Àwa náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ìwé wa yìí. Bí amọ̀kòkò bá ti wọ inú ewì wa, Ọbàtálá alámọ̀rere ló máa ń dà, tó dá jókòó, tó ń mọ orí, tó ń mọ ẹsẹ̀, tí kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó yẹ òrìṣà o. Ṣùgbọ́n ta ló bí amọ̀kòkò tí ẹnì kan ò kọ́?

Kwali ni wọ́n ti bí Ladi, láàárín àwọn Gbagyi, ní nǹkan bí ọdún 1925. Àǹtí rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ní ọ̀dọ̀ wọn, ìkòkò ńlá kì í yí. Amọ̀kòkò ló ń yí i ká, tó ń fẹ̀yìn rìn, ọwọ́ kan nínú, ọ̀kan lóde, títí ìkòkò á fi ga. Ijó gidi! Lẹ́yìn náà ni yóò fín alángbá, àkekèé àti ọ̀nì sí i lára. Ààfin Ẹ́míà Àbújá àtijọ́, tó ń jẹ́ Sùlẹ́jà báyìí, ni Michael Cardew, amọ̀kòkò ará Ìlú Ọba tí ìjọba gbà síṣẹ́, ti rí ìkòkò rẹ̀ ní 1950. Cardew dá ibùdó ìkọ́ṣẹ́ ìkòkò sílẹ̀ níbẹ̀. Ladi wọlé ní 1954, òun ni obìnrin àkọ́kọ́. Halima Audu, Asibi Ido àti Kande Ushafa tẹ̀lé e. Ní 1962 ó ń mọ ìkòkò lójú àwọn ará Ìlú Ọba, ní 1972 lójú àwọn ará Amẹ́ríkà. Ọwọ́ ló fi ń kọ́ni. Yunifásítì Àmọ́dù Béllò fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé ní 1977, ó sì kú ní 1984.

Ibi tí àríyànjiyàn wà rèé. Àmù tó dára a máa làágùn. Omi á máa yọ lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, afẹ́fẹ́ á gbé e, tinú á tutù. Ṣùgbọ́n ìkòkò tí wọ́n fi nǹkan dídán bíi gíláàsì kùn, tí wọ́n sun nínú iná gbígbóná ti Cardew, kì í làágùn. Ó kúrò nídìí omi, ó di ohun tí wọ́n ń gbé sí gbọ̀ngàn àfihàn. Àwọn kan á ní òyìnbó bà á jẹ́. N ò gbà tán. Ẹsẹ̀ Ladi ṣì ń yí ìkòkò ńlá ká bí àǹtí rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Àti pé ní Agége tiwa ńkọ́? Ṣé Cardew ló lé àmù lọ ni? Fìríìjì ni, àti ike tí àwọn ilé iṣẹ́ Ìkẹjà ń yọ jáde lójoojúmọ́. Kódà orí ọ̀rá ni wọ́n tẹ ìyá náà sí, torí ogún náírà yìí kì í ṣe bébà. Ẹni tó mọ ìkòkò omi, owó rẹ̀ ò ra píọ́wọ́tà kan mọ́!

Bí wọ́n bá tún owó náà yà, mo fẹ́ kí àǹtí yẹn wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ọmọbìnrin kan máa po amọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ń sọ èyí nítorí àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa tó ní ẹ̀bùn ni ewì, pé kí a má kọ́ àwọn Jámbáìtì ní nǹkankan, kí wọ́n lọ dá jókòó. Mo ta kò wọ́n. Ọjọ́bọ̀ la ó pàdé lẹ́yìn kíláàsì. Ẹ̀yin Jámbáìtì, ẹ mú ewì tí kò tíì jinná wá, ẹ má tíì fi nǹkan dídán kùn ún.