Àgbà Mẹ́ta Ẹnu Ibodè Èkó: Ta Ni Àlejò?

Ọ̀pọ̀ nínú wa tí a gba ojú ọ̀nà Ìbàdàn wọ Èkó lẹ́yìn ọdún 1991 ni ó mọ ère àgbà mẹ́ta tí oníṣẹ́ ọnà Bodun Shodeinde ṣe. Àwọn kan ń pè é ní Àgbà Mẹ́ta, àwọn mìíràn ń pè é ní Àrọ̀ Mẹ́ta. Olóyè Èkó aláṣọ funfun ni wọ́n. Wọ́n dé fìlà, wọ́n di ìkúùkù, wọ́n ń kí àlejò káàbọ̀. Ìdúró wọn kò rí bákan náà, síbẹ̀ ìkíni kan ṣoṣo ni wọ́n ń kí. A yin iṣẹ́ náà.

Ìtumọ̀ tí ìgboro fún un ni a kò fara mọ́. Wọ́n ní ìkìlọ̀ ni àwọn àgbà náà ń ṣe, pé ẹni tí ó bá dé Èkó tí kò gbọ́n, kò sí ibi tí yóò ti gbọ́n mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu, ó sì wúlò dé ìwọ̀n kan: ó ń kọ́ni láti di àpò mú ní ibùdókọ̀, àti láti má wọ ọkọ̀ tí a kò mọ̀ lóru. Ṣùgbọ́n ó sọ ìkíni di ìhàlẹ̀, ó sì sọ ọgbọ́n di ọ̀rọ̀ gbájú-ẹ̀ nìkan. Bí Yorùbá bá kí ènìyàn, kì í béèrè àpò rẹ̀, “Ṣé àlàáfíà ni?” ni ó ń béèrè.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹni tí wọ́n ń kí. Àlejò ni. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa tí a ń ti Ìlú Ọba lọ kí ẹbí lásìkò ìsinmi. “Ilé ni à ń lọ” ni a máa ń wí. A kì í gbà pé àlejò ni wá. Ẹ̀fọn kò mọ oríkì ẹnikẹ́ni. Agbára díẹ̀ tí ara ẹni tí ó dàgbà ní Èkó fi ń bá ibà jà máa ń dínkù bí ó bá ti pẹ́ lókè òkun. Ọmọ tí a bí síhìn-ín kò tilẹ̀ ní in rárá. Ní ọdún 2023, àwọn tí wọ́n gbé ibà ẹ̀fọn wọ Ìlú Ọba lé ní 2,000. Nínú àwọn tí a mọ ìdí ìrìn àjò wọn, àwọn tí ó lọ kí ẹbí àti ọ̀rẹ́ ni ó pọ̀ jù.

A mọ ohun tí ó ń dí àwọn òbí lọ́wọ́. Oògùn tí a fi ń dènà ibà kì í ṣe ọ̀fẹ́ níhìn-ín, owó rẹ̀ fún baba, ìyá àti ọmọ mẹ́ta kì í sì í ṣe kékeré lẹ́yìn owó ọkọ̀ òfurufú. Síbẹ̀, a máa ń rí owó aṣọ ẹbí.

Orúkọ Àrọ̀ Mẹ́ta mú wa rántí òwe pé ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ààrò kìíní ni oògùn. A ń bẹ̀rẹ̀ Malarone ní ọjọ́ 1 tàbí 2 kí a tó dé ibẹ̀, a ó sì lò ó fún ọjọ́ 7 lẹ́yìn tí a bá kúrò. Doxycycline ń fẹ́ ọ̀sẹ̀ 4. Èkejì ni àwọ̀n ẹ̀fọn tí a fi oògùn sí, àti aṣọ alápá gígùn níbi òde alẹ́, nítorí láti ìrọ̀lẹ́ di àfẹ̀mọ́júmọ́ ni ẹ̀fọn ibà ń jẹni. Ẹ̀kẹta ni ilé ìwòsàn. Bí ara ẹnikẹ́ni bá gbóná níbẹ̀, tàbí láàárín ọdún kan lẹ́yìn tí a padà dé, kí ó lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ó sì sọ fún dókítà pé òun ti Nàìjíríà bọ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá tún rí àwòrán àwọn àgbà náà, ẹ gba ìkíni wọn gẹ́gẹ́ bí ìkíni. Kí ẹ sì tó ra aṣọ ẹbí, ẹ kọ́kọ́ lọ rí apòògùn.