Ogun Òṣogbo nínú Ìwé Johnson: Ta Ló Yan Àkókò Ìjà?

Nígbàkúùgbà tí ọ̀rọ̀ ogun Òṣogbo ti nǹkan bí ọdún 1840 bá délẹ̀ láàárín wa, ohun tá a máa ń sọ ni pé òrìṣà ló lé àwọn ará Ìlọrin. N ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ọmọ awo lèmi náà. Ṣùgbọ́n mo tún ka ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, èyí tó parí ní 1897, tí àbúrò rẹ̀ Obadiah ṣàtúntò, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ni, síbẹ̀ ó fi ohun kan hàn tí àwa ń fojú fò dá.

Ẹ wò ó. Ìlọrin dó ti Òṣogbo. Ẹṣin ni agbára wọn. Ẹlẹ́sẹ̀ tó bá lọ pàdé ẹlẹ́ṣin ní gbangba lọ́sàn-án gangan, ó fara rẹ̀ tọrẹ ni. Ọdẹ́rìnlọ, Balógun Ìbàdàn, mọ èyí. Kò jẹ́ kí ẹlẹ́ṣin bá òun yan ìgbà tí ìjà máa wáyé: òru ni Ìbàdàn já wọ ibùdó wọn. Ẹṣin tí a so mọ́lẹ̀ lóru, tí olówó rẹ̀ ń sùn, kí ló fi yàtọ̀ sí ewúrẹ́? Ìbọn kọ́, oògùn nìkan kọ́. Wọ́n gba agbára ọ̀tá lọ́wọ́ rẹ̀ kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀ ni. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà gúúsù ti dí mọ́ Ìlọrin. Ẹ fi wé Kírìjì, níbi tí àgọ́ méjèèjì dojú kọra láàárín òkè, tí ọdún ń gorí ọdún, tí kò sẹ́ni tó ráyè yí èkejì po, títí àdéhùn 1886 fi dá ìjà dúró.

Ẹjọ́ tí mo ní pẹ̀lú Johnson ni pé ojú Ìbàdàn ló fi wo ogun náà. Ó dárúkọ Lágunjú, Tìmì Ẹdẹ, láàárín àwọn tó rọ ìtàn fún un, ìyẹn dára. Àmọ́ ẹni tó sá lóru yẹn ńkọ́? Kí ló dé tí ìṣọ́ Ìlọrin fi dẹ̀?

Ẹjọ́ kejì, tiwa ni. Ogun kì í jáde nílùú láyé ìgbà náà kí wọ́n má bi Ifá. Bó bá jẹ́ pé òrìṣà ló ṣe gbogbo rẹ̀, kí ni àwọn jagunjagun ń bi Ifá sí? Lójú tèmi, ọjọ́ àti ọ̀nà ni wọ́n ń bèèrè. Nígbà tá a bá sọ fún oníbèèrè lónìí, tó ní ẹjọ́ ilẹ̀ nílé ẹjọ́, pé kó rúbọ kó lọ sùn, a ti gé ìdajì iṣẹ́ àwọn baba wa jù nù.

Bí òǹkàwé wa kan ní Ìlọrin bá gbọ́ ìtàn òru náà lẹ́nu baba tirẹ̀, kó jọ̀wọ́ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa.