Nick Kò Wọ Irà: Ìtàn Ìpàgọ́ Kan Láti Ọwọ́ Hemingway

Ọkùnrin kan sọ̀ nínú rélùwéè, ó rìn wọ igbó, ó pàgọ́, ó se oúnjẹ, ó sùn, ó jí, ó pa ẹja méjì. Ìtàn parí. Ṣé gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn? Bẹ́ẹ̀ ni. Àkọlé rẹ̀ ni "Big Two-Hearted River". Ernest Hemingway gbé e jáde lọ́dún 1925, òun ló sì fi kádìí àwọn ìtàn inú ìwé rẹ̀, In Our Time. Àwọn kan máa ń sọ pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Àwa ò gbà.

Seney, ìlú kékeré kan ní Michigan, ní Amẹ́ríkà, ni Nick Adams sọ̀ sí. Iná ti jó ìlú náà ráúráú. Nínú ilé ọtí 13 tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò ku ẹyọ kan. Kódà, àwọn tata tó ń gbé lórí ilẹ̀ tó jóná náà ti di dúdú. Ṣùgbọ́n odò kò jóná. Nick dúró lórí afárá, ó ń wo àwọn ẹja tó kọjú sí ìṣàn omi, tí wọn ò jẹ́ kí omi gbé wọn lọ. Lójú tiwa, ibẹ̀ gan-an ni ìtàn yìí ti sọ tẹnu ẹ̀.

Hemingway fara gbọgbẹ́ ní Italy lọ́dún 1918, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì lọ pẹja ní agbègbè Seney. Síbẹ̀, ìtàn yìí ò dárúkọ ogun rárá. Ọwọ́ Nick ni kí ẹ wò. Ó tẹ́ ilẹ̀ pẹrẹsẹ, ó fa gbòǹgbò tu, ó tẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì, ó so okùn mọ́ igi méjì, ó kan èèkàn mọ́lẹ̀ títí aṣọ àgọ́ fi nà gbọnrangandan. Ó da ẹ̀wà agolo àti sùpàgẹ́tì pọ̀ sínú páànù, ebi sì ń pa á, ṣùgbọ́n ó dúró kó tutù kó má bàa bó o láhọ́n. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ kì í fara balẹ̀ tó báyẹn. Bí ọwọ́ bá dúró, èrò á bẹ̀rẹ̀. Nick mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí kì í fi í fọwọ́ lẹ́rán.

Irà tó wà nísàlẹ̀ odò ló wá le jù. Omi ibẹ̀ jìn, ẹ̀ka igi bò ó mọ́lẹ̀. Nick wò ó, kò wọ̀ ọ́. Ọjọ́ mìíràn ṣì wà. Àwa tí a ti ka Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ tí Fágúnwà kọ lọ́dún 1938 lè fẹ́ pè é lójo. Àkàrà-ògùn ṣáà kojú Àgbákò! Ṣùgbọ́n àwọn àgbà náà ló sọ pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Àìwọ irà lónìí kò túmọ̀ sí sísá.

Àmọ́ ìtàn náà ní àléébù, a ò ní fi bò. Igbó Nick ti ṣófo jù. Ilẹ̀ àwọn Ojibwe ni agbègbè yẹn kí òyìnbó tó dé, Hemingway sì mọ̀ wọ́n: wọ́n wà nínú "Indian Camp", nínú ìwé kan náà. Níbí, kò sí wọn rárá, bíi pé Nick ló kọ́kọ́ tẹsẹ̀ bọ ibẹ̀. Nínú ìwé Fágúnwà, kò sí igbó tí kò lólówó. Ní tiyẹn, Fágúnwà ju Hemingway lọ.

Kí ló kàn wá nínú gbogbo èyí? Lóde òní, ẹ̀rù ajínigbé ti lé ọ̀pọ̀ wa kúrò nínú igbó. Tí a bá sì dé ìdí omi Olúmirìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, fọ́tò la máa ń yà, tí a ó wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé ibẹ̀ rẹwà. Ó rẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n "ó rẹwà" kì í ṣe ìtàn. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kọ̀wé, ẹ sọ ohun tí ọwọ́ yín ṣe níbẹ̀ fún wa, ẹ sọ ẹni tó ni ilẹ̀ náà, kí ẹ sì sọ ibi tí ẹ ò lè dé. A máa kà á.